Ìṣẹ́jú Márùn-ún Tó Kù

"Màmá, ẹ tún ọ̀rọ̀ márùn-ún tí mo kà fún yín sọ," ni dókítà wí. Ẹ̀rín tí màmá ń rín ṣáá lọ́jọ́ ogbó ló mú kí ọmọ rẹ̀ gbé e wá. Ó ní àfàìmọ̀ kó má ti máa ṣarán.

"Àga, òjò, bàtà, ilẹ̀kùn, ewúrẹ́. Ìwọ náà sọ ọ́, má wòwé."

Mẹ́ta ni dókítà rántí.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Bí mo ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta náà lo ṣì wà. Mo ní kí o kúnlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, agogo dún, o fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ku márùn-ún."

"Háà, tíṣà."

Nígbà tí ọmọ màmá ṣílẹ̀kùn, dókítà ló bá lórí ìkúnlẹ̀, ó kọjú sógiri, ó nawọ́ méjèèjì sókè.

"Ọwọ́ òsì ti ń wálẹ̀," ni màmá wí.