Ìlà Kan Ṣoṣo

"Ẹ jọ̀ọ́, ó kù bí ìṣẹ́jú mélòó?" Nọ́ọ̀sì ló bi oníkọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀.

Oníkọ̀ǹpútà ò gbójú sókè. Àná ni ilé ìwòsàn kó fáìlì àwọn aláìsàn lọ sórí ẹ̀rọ tuntun, ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sínú ètò kọ̀ǹpútà wọn láti júwe ibẹ̀ fún un kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ó yí orúkọ ẹ̀rọ padà, ó yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Ìdáhùn kan náà ló ń jáde: "Kò ṣeé so pọ̀."

"Ìyá kan ló dákú sójú títì, àwọn èrò ọ̀nà ló gbé wọn wá. Káàdì wa nìkan la bá lára wọn, nọ́ńbà ló sì wà lórí ẹ̀. Dókítà fẹ́ mọ abẹ́rẹ́ tí ara wọn kì í gbà."

"Mo ń gbìyànjú, àǹtí."

Nọ́ọ̀sì sáré wọ yàrá aláìsàn lọ. Nígbà tó jáde, kò sáré mọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni oníkọ̀ǹpútà rí lẹ́tà kan tó ṣì kọ nínú ìlà náà. Ó tún un ṣe, fáìlì sì ṣí.

"Ó ti ṣí! Ẹ wá wo abẹ́rẹ́ náà!"

"Ìyá ti ṣaláìsí," nọ́ọ̀sì dáhùn jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n wá nọ́ńbà ẹbí wọn."

Oníkọ̀ǹpútà kẹ́yìn sí i, ó ń ká wáyà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tẹ nọ́ńbà káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà, ó rí nọ́ńbà fóònù ẹbí, ó sì pè é.

Fóònù gbọ̀n lápò oníkọ̀ǹpútà. Ó gbé e sétí.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ta nìyẹn?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Láti ilé ìwòsàn ni."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́ ohùn náà: nínú fóònù, àti lẹ́yìn rẹ̀.