Owó Tí Kò Lórúkọ

Ọmọ kan ló yọ òkúta tí wọ́n fi há táyà ọmọlanke bàrà lórí òkè kan nílùú Oran, nígbà tí Kouider wà lọ́mọdé.

Ọmọlanke yí wálẹ̀ gbirigbiri, ó sì rún ẹsẹ̀ Kouider wómúwómú. Wọn kò mọ ọmọ náà títí dòní.

"Ọlọ́run á mú un," ni Kouider máa ń wí, bó ṣe ń tún bàtà rán.

Djilali, ọ̀rẹ́ rẹ̀, a sì ṣe àmín.

Lónìí, àwọn méjèèjì jókòó síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó ìrànwọ́ aláàbọ̀ ara. Wọ́n ti dá owó Kouider dúró, wọ́n ní iṣẹ́ bàtà ìdajì ọjọ́ tó ń ṣe ń mówó wọlé ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ.

"Bàtà wo?" Kouider ń jágbe. "Nígbà tó jẹ́ pé sílípásì ni gbogbo àdúgbò ń wọ̀!"

Obìnrin alága pa ẹ̀rín mọ́ra. "Bàbá, ta ló ń fi owó sí àkáǹtì yín lóṣooṣù, tí kì í kọ orúkọ?"

"Sàárà ìkọ̀kọ̀ ni, Àlàájà. Mi ò mọ ẹni náà."

"Àfi kó wá jẹ́rìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó bàtà la ó kà á sí."

Èjìká Kouider wálẹ̀. "Ó parí. Djilali, fà mí dìde."

Djilali kọjú sí alága.

"Èmi ni mò ń fi í ránṣẹ́, Àlàájà."

"Ìwọ ahun yìí?" Kouider bú sẹ́rìn-ín. "Kí lo jẹ mí?"

"Ẹsẹ̀ rẹ ni, Kouider. Èmi ni ọmọ yẹn."