Àbẹ̀bí Mú Ọmọ Òrukàn Kan

Ọdún kejì òmìnira Gánà ni, lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá l'Ákrá.

Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Yorùbá dé. Ó ń to fọ́tò àwọn ọmọ òrukàn tí ìjọ ń tọ́ nílé sórí tábìlì.

"Ẹ̀yin ìyá, kí kálukú mú ọmọ kan, kó sọ ọ́ di tirẹ̀. Kó máa fi oúnjẹ àti aṣọ ránṣẹ́ sí i."

Àwọn obìnrin ń rọ́ síwájú. Àbẹ̀bí, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà Màkólà, wà láàrin wọn.

Láòyè, àbúrò rẹ̀ tó ń bá a kó owó àti aṣọ lọ sílé lóṣooṣù, ti dìde ní tirẹ̀. Ó ní ooru ń mú òun.

Ooru, nínú òjò Júùnù!

Àbẹ̀bí mú fọ́tò kan. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wò ó títí.

"Ẹ wo bí àánú ọmọ náà ṣe ń ṣe é," làwọn obìnrin ń wí.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, nínú bàbá àti ìyá ọmọ yìí, ta ló kú?"

"Àwọn méjèèjì ni. Bàbá ló kọ́kọ́ lọ, ìyá sì tẹ̀ lé e."

Àbẹ̀bí fi ìka kan àpá iná tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ náà.

"Ta ló mú un wá?"

"Àbúrò ìyá rẹ̀ ni. Ó fi Bíbélì búra. Wọ́n ní ńṣe ló ń sunkún bí ọmọdé."

Láòyè ti dé ẹnu ọ̀nà.

Àbẹ̀bí ò pariwo. Ó gbé fọ́tò náà sókè, ó kọjú sí i.

"Láòyè, dúró. Ọjọ́ wo ni mo kú?"