Ẹyẹ Inú Fóònù Mọ́rúfù

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ o. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé Mọ́rúfù jáde lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, títí di Ọjọ́bọ̀ kò wálé.

Thomas Estate ni òun àti Ràhímátù ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé kan lọ́nà Ibeju-Lekki ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ gbé Ràhímátù lọ lọ́dún tó kọjá, dókítà ní ìròyìn ló ń pa á: ajínigbé láàárọ̀, ìjàm̀bá lọ́sàn-án, ìbò lálẹ́. Mọ́rúfù yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lórí fóònù obìnrin náà, ó fi ẹyẹ rọ́pò. Áàpù kan ni, kì í jẹ dátà: bí o bá rí ẹyẹ, o kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Bí fóònù àwọn méjèèjì bá ti wà nítòsí ara wọn, á dún "kín", èyí tí ọkọ kọ á bọ́ sínú ti aya. Bí wọ́n bá jìnnà síra, kò sóhun tó máa kọjá. Kò pẹ́ tí Mọ́rúfù fi di ọ̀gá ẹyẹ. Bí o bá pe òpéèré ní ẹ̀gà níwájú rẹ̀, ó lè má bá ọ jẹun mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ náà, Fàtíù tí òun àti Mọ́rúfù jọ ń ṣiṣẹ́ wá kí Ràhímátù. Ó jókòó ní páálọ̀, ó gbá báàgì mọ́ra bí ẹni gbé ẹyin.

"Ìyàwó wa, wọ́n rán an níṣẹ́ lójijì ni. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀."

"Iṣẹ́ wo?" Adétutù aládùúgbò ti na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà ibẹ̀."

"Ẹ má tàn án o!" Fàtíù fò dìde. "Ṣé ẹ gbàgbé dókítà ni?"

Fóònù Ràhímátù dún: kín. *Àwòdì kan, òkè ọ̀sà.*

Ó sáré jáde láìwọ bàtà, ó ń pe Mọ́rúfù láti géètì dé géètì. Òun nìkan ló padà wọlé.

"Ó wà nítòsí," ó ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo ti sọ," Adétutù ní. "Ìyàwó kejì wà ní ojúlé kejì. Ahun ni Mọ́rúfù, kò ní náwó epo sórí àlè."

Ẹ wo ayé: Ràhímátù bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run fún orogún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Fàtíù tún dé. Kín. *Lékèélékèé mẹ́fà.* Ràhímátù tún sáré, ó tún padà. Ṣùgbọ́n ó jẹun, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé.

"Ẹ̀yin àti ẹyẹ!" Fàtíù rẹ́rìn-ín. "Lójú tèmi, gbogbo èyí tí kò bá ti tó adìyẹ, ológoṣẹ́ ni."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òpéèré méjì bà sórí fẹ́ǹsì, wọ́n ń kọrin. Fàtíù wò wọ́n lójú fèrèsé, ó gbé báàgì rẹ̀ wọ ilé ìtọ̀ lọ.

Kín. *Ológoṣẹ́ méjì, orí fẹ́ǹsì.*

Ràhímátù kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wo fẹ́ǹsì, ó wo ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò sáré. Ó fa ìborí rẹ̀ sọ́rùn, ó jókòó títí Fàtíù fi jáde, tó ń nu ojú.

"Bọ̀dá Fàtíù," ó ní, "níbo lẹ sin ín sí?"