Garawa Òdòdó Péà

Opó kan di igi péà tí Evaristo ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ mú pinpin. Òdòdó ń já lé e lórí.

"Màámi, ọdún kẹta rèé tí kò so," ni Fabián ọmọ rẹ̀ wí, àáké lọ́wọ́. "Láìsí òdòdó irú péà mìíràn nítòsí, kò ní so."

"Bàbá rẹ a máa lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú Neuquén, a sì gbé òdòdó náà bọ̀."

"Mo débẹ̀ lánàá. Wọn ò ní igi péà kankan."

Obìnrin kan ti ilẹ̀kùn ọgbà, ó gbé garawa ẹ̀ka òdòdó dání.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Ilé mi ni Evaristo ti ń gé e. Ìtìjú ni ò jẹ́ n tètè wá."

Opó wo obìnrin náà, ó wo àáké, ó wo òdòdó tó ń já.

"Fabián, gba garawa yẹn, gbé e kọ́ sára igi yìí. Kí oyin tó ń ti òdòdó kan bọ́ sí èkejì tó lọ."