Káàdì Séverin

Obìnrin tó ń lu ihò sí káàdì ìkànìyàn ní Àjàṣẹ́ dáwọ́ dúró. Orúkọ ọkọ rẹ̀, Séverin Òkunọlá, ló wà lórí fọ́ọ̀mù tó wá láti Sẹ̀mẹ̀. Ọdún táwọn sójà gbàjọba ló jáde nílé, tí kò padà. Alaalẹ́ ni ìyàwó ṣì ń bu oúnjẹ dè é. Lórí fọ́ọ̀mù yìí, ó ní aya òun ti kú.

“Ọ̀gá, bí ohun tí wọ́n kọ bá jẹ́ irọ́ ńkọ́?”

“Ẹ̀rọ ọdinatẹ̀ tí yóò ṣírò wa ní Kùtọnu kì í béèrè, kámáráàdì. Ihò tẹ́ ẹ bá lù ló ń kà.”

Ó lu ihò “aya kú” sí káàdì ọkọ rẹ̀, ó sì mú fọ́ọ̀mù tó kàn.