Kèké Inú Kọ̀ǹpútà

Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lórí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà, àwọn méjìlá ló sì ń dúró dè é. Dókítà ti sọ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló lè dúró de òmíràn. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ní kí wọ́n ṣẹ́ kèké, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ṣe ojúsàájú. Wọ́n fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ọwọ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì nìkan ni ìwé tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà wà. Injinníà kọ̀ǹpútà fi èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ C kọ ètò tí yóò mú nọ́ńbà kan, ó sì buwọ́ lùwé pé òun kò ní ẹbí kankan nínú wọn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ọ̀gá nọ́ọ̀sì wọ ọ́fíìsì Injinníà, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

"Injinníà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣí ohun tí o kọ yìí lánàá. Mẹ́rin ló ń mú ṣáá."

Ọkùnrin náà dán an wò. Mẹ́rin. Ó tún dán an wò. Mẹ́rin.

"Àṣìṣe mi ni, mà. Kọ̀ǹpútà kò mọ kèké ṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣe ló ń ṣírò láti ibì kan lọ. Bí a kò bá yí ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ padà, ohun kan náà ni yóò máa sọ títí ayé."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti ẹ̀yin nìkan."

Obìnrin náà ṣí ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún pa á dé.

"Tún un ṣe," ló wí.

Ó fa àga, ó jókòó tì í. Injinníà ní kí ètò náà máa wo aago láti mú ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ibi tí kò yẹ ló kọ́kọ́ fi ìlà náà sí, tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mú nọ́ńbà ló ń padà lọ wo aago. Aago kò tíì kúrò lójú kan, nọ́ńbà kan náà sì tò gbọọrọ lójú ẹ̀rọ. Ó gbé e lọ sókè, kó máa wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní kó da ìyókù nù níbi tí pípín sí méjìlá kò bá ti dọ́gba, kí nọ́ńbà kankan má baà rọ́wọ́ mú ju òmíràn lọ. Ó wá ṣẹ́ kèké náà ní ìgbà ẹgbẹ̀rún méjìlá. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jáde ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ìgbà.

"Ṣé mẹ́rin ṣì lè jáde?"

"Ó lè jáde, mà. Ẹ̀ẹ̀kan nínú méjìlá, bíi ti àwọn yòókù."

"Ó dáa."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ìgbìmọ̀ pé jọ. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnnì. Mẹ́sàn-án ló jáde. Alága bọ Injinníà lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì mú ìwé rẹ̀, ó ń gba yàrá dé yàrá. Ohùn kan náà ló fi ń sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn yòókù pé kèké kò mú wọn. Ẹni tó ni nọ́ńbà mẹ́rin ló fi ṣe ìkẹyìn. Ọmọbìnrin tó wà lórí ibùsùn náà wo ojú rẹ̀, ó sún ẹsẹ̀ kí ọ̀gá nọ́ọ̀sì lè rí ibi jókòó.

"Màámi," ló wí, "ṣé èmi ni kí n sọ fún Dádì, àbí ẹ̀yin?"